Ọmọ Tó Ń Ya Àwòrán Kiri: Ìtàn Ayé Santiago Ramón y Cajal

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ ṣí ìwé Biology yín sí ojú ewé tí wọ́n ya neuron sí. Ẹ ó rí ohun kan tó dà bí igi tí wọ́n hú tigbòǹgbò-tigbòǹgbò: ẹ̀ka kéékèèké pọ̀ lórí rẹ̀, ìrù kan ṣoṣo sì gùn lọ gbọọrọ. Àwọn ẹ̀ka kéékèèké yẹn ni dendrite, ìrù gígùn ni axon. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n ya ọfà kan tó ń sọ fún wa pé ọ̀rọ̀ ń gba dendrite wọlé, ó sì ń gba axon jáde. Gbogbo wa la ti ya àwòrán yìí nínú test. Àwọn kan nínú wa ti kọjú ọfà sẹ́yìn, máàkì sì lọ. (A ò ní dárúkọ.)

Àmọ́ ta ló kọ́kọ́ ya ọfà yẹn? Báwo ló ṣe mọ̀? Nígbà tó ń yà á, kò sí ẹ̀rọ kankan láyé tó lè wọn iná tó ń kọjá nínú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ kan ṣoṣo. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń wò gan-an, òkú ni wọ́n. Ṣe ló kàn wo òkú, tó sì sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń gbà nígbà tó wà láàyè.

Orúkọ rẹ̀ ni Santiago Ramón y Cajal. Ẹ pe èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ní Kahál.

Wọ́n bí i ní ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún, 1852, ní Petilla de Aragón, abúlé kékeré kan láàárín òkè ní àríwá Sípéènì. Bàbá rẹ̀, Justo Ramón, jẹ́ oníṣègùn abúlé. Ìyà àti ìforítì ló fi kàwé débẹ̀, kò sì fẹ́ gbọ́ ohunkóhun tó bá jọ eré. Orúkọ ìyá rẹ̀ ni Antonia Cajal. Ní Sípéènì, èèyàn máa ń jẹ́ orúkọ ìdílé bàbá àti ti ìyá pa pọ̀, nítorí náà, Cajal tí gbogbo ayé ń pè é yìí, orúkọ ìdílé ìyá rẹ̀ ni.

Ọmọ yìí le. Ohun tó fẹ́ràn jù ni kó máa ya àwòrán, ìwé ni o, ògiri ni o, ilẹ̀kùn oníle ni o. Lójú bàbá rẹ̀, ìfàkókò-ṣòfò gbáà ni. Ní ọjọ́ kan, bàbá náà mú àwòrán ẹni mímọ́ kan tí ọmọ náà yà, ó gbé e lọ bá ọkùnrin kan tó ń kun ògiri ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́fun, kó bá òun wò ó bóyá ọmọ yìí lẹ́bùn. Ẹni tó ń kun ògiri! Ọkùnrin náà wò ó, ó ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Bí ẹjọ́ ṣe parí nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, pẹ́ńsù di ohun tí Santiago ń fi pa mọ́ nínú ilé.

Nígbà tó tó ọmọ ọdún mọ́kànlá, ó gbẹ́ ìbọn àgbá láti ara ìtì igi, ó ki ẹ̀tù sí i, ó kọjú rẹ̀ sí géètì tuntun tí aládùúgbò ṣe sí ọgbà rẹ̀. Géètì náà fọ́. Àwọn aláṣẹ mú un, wọ́n jù ú sí ẹ̀wọ̀n fún ọjọ́ mélòó kan. Bàbá rẹ̀ kò tiẹ̀ bẹ̀bẹ̀, ó ní kí wọ́n jẹ́ kó jìyà rẹ̀ dáadáa. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà tí wọ́n fi í sí ní Jaca, ẹgba àti ebi ló pọ̀ níbẹ̀ ju ẹ̀kọ́ lọ. Wọ́n gbé e lọ sí Huesca, ìyẹn náà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ sú bàbá, ó fi í kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ó fi í kọ́ṣẹ́ bàtà. Ẹ má rò pé ó ṣe é bí ẹni tí wọ́n ń fìyà jẹ o. Ó mọ bàtà ṣe gan-an, torí ọwọ́ rẹ̀ dára.

Ohun tó yí ayé rẹ̀ padà ṣẹlẹ̀ ní 1868. Bàbá rẹ̀ fẹ́ kọ́ ọ ní bí ara èèyàn ṣe rí, kò sì fẹ́ fi ìwé nìkan kọ́ ọ. Òun àti ọmọ náà fo ògiri ìtẹ́ òkú àtijọ́ kan lálẹ́, wọ́n ṣa eegun bọ̀ wálé. Ẹ gbọ́ ná: bàbá tó ń já pẹ́ńsù gbà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ lójoojúmọ́ ló wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e padà fún un, pé kó ya eegun wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan. Santiago yà wọ́n tọkàntọkàn. Ẹ̀kọ́ tí wọn ò lè fi ẹgba kó sí i lórí ní Jaca gba ojú àti ọwọ́ wọlé. Ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Zaragoza, níbi tí bàbá rẹ̀ ti wá di olùkọ́ nípa ara òkú, ó sì gba ìwé ẹ̀rí dókítà ní 1873.

Ní 1874, wọ́n rán an lọ sí Kúbà gẹ́gẹ́ bí dókítà ológun. Abẹ́ Sípéènì ni Kúbà wà nígbà náà, àwọn ọmọ ilẹ̀ náà sì ti ń jà fún òmìnira láti 1868. Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí, torí Kúbà yẹn kì í ṣe àjèjì sí wa. Lára àwọn tí wọ́n ń fi ṣẹrú nínú oko ìrèké níbẹ̀ ni àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Lukumí, 1886 ni òfin sì tó fòpin sí oko ẹrú ní ilẹ̀ náà. Aṣọ àwọn tó ń jà kí Kúbà má bọ́ lọ́wọ́ Sípéènì ni Cajal wọ̀. A ò lè torí pé a fẹ́ràn rẹ̀ ká fo ìyẹn.

Ilé-ìwòsàn ológun tí wọ́n fi í sí wà láàárín irà. Ibà àti ìgbẹ́ ọ̀rìn ló ń pa àwọn ọmọ ogun ju ìbọn lọ. Dókítà náà kó ibà tirẹ̀. Ó tún rí i pé àwọn òṣìṣẹ́ kan ń jí oúnjẹ àwọn aláìsàn, ó bá wọn ṣe gbọ́nmi-si-i-omi-ò-to-o, ọ̀tá ló fi kó jọ. Nígbà tó fi máa padà sílé ní 1875, ó ti rù kan eegun. Àmọ́ ó ṣì ní díẹ̀ lọ́wọ́ nínú owó iṣẹ́ rẹ̀.

Owó yẹn ló wúlò. Ní 1877, nígbà tó lọ ṣe ìdánwò oyè ọ̀mọ̀wé ní Madrid, olùkọ́ kan jẹ́ kó wo nǹkan lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Ohun tó rí kò jẹ́ kó sùn. Bó ṣe padà sí Zaragoza, ó mú owó Kúbà, ó fi ra máíkírósíkóòpù tirẹ̀, ó sì sọ òkè ilé di yàrá ìwádìí. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́ ẹ̀jẹ̀. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ni, àwọn èèyàn sì ti rò pé ó parí fún un. Ó yè é. Ní 1879, ó fẹ́ Silveria Fañanás, wọ́n sì bí ọmọ méje. Owó oṣù kò tó nǹkan. Silveria ló ń ṣọ́ náírà, ká kúkú pè é bẹ́ẹ̀, tí máíkírósíkóòpù àti èròjà fi ń rí tiwọn nínú owó ọbẹ̀.

Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Valencia. Ní 1885, kọ́lẹ́rà wọ ìlú náà. Cajal fi ohun tó ń ṣe sílẹ̀, ó gbájú mọ́ ìwádìí àrùn náà, ó kọ ìròyìn rẹ̀ fún ìjọba agbègbè Zaragoza. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú máíkírósíkóòpù Zeiss tuntun láti Jámánì. Ojú rẹ̀ wá mú bíi ti àwọn ọ̀gá ní Jámánì.

Ní 1887, dókítà kan tó ń jẹ́ Luis Simarro fi ohun kan hàn án ní Madrid. Camillo Golgi, ọmọ Ítálì, ló ṣàwárí ọgbọ́n náà ní 1873, nínú ilé ìdáná tó sọ di yàrá ìwádìí ní ilé-ìwòsàn kan ní Abbiategrasso. Wọ́n á rẹ ègé ọpọlọ sínú potassium dichromate kó lè le, lẹ́yìn náà wọ́n á rẹ ẹ́ sínú silver nitrate. Èròjà méjèèjì á pàdé nínú sẹ́ẹ̀lì, wọ́n á di dúdú. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé ìwọ̀nba sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ ló ń gbà á, ṣùgbọ́n èyí tó bá gbà á, a gbà á láti orí dé ìrù. Ká ní gbogbo wọn ló ń dúdú ni, ibẹ̀ ì bá ṣú bí ìdí ìkòkò, ojú kò ní rí nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti gbọ́ nípa ọgbọ́n yìí, wọ́n tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, torí pé òní ló ṣiṣẹ́, ọ̀la kò ṣiṣẹ́. Cajal ní tirẹ̀ rẹ ègé ọpọlọ náà lẹ́ẹ̀mejì dípò ẹ̀ẹ̀kan, ó sì ń jẹ́ iṣẹ́ fún un.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ìjà tó wà nílẹ̀, torí láìsí ìjà yẹn kò sí ìtàn. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé gbà pé gbogbo sẹ́ẹ̀lì inú ọpọlọ so pọ̀ di ọ̀kan bí àwọ̀n apẹja. Golgi fúnra rẹ̀ wà lára wọn. Ẹ wò ó dáadáa: tó bá jẹ́ àwọ̀n ni, ọ̀rọ̀ lè gba ibikíbi lọ sí ibikíbi. Kò sí ẹnu ọ̀nà, kò sí àbájáde, kò sì sí ẹni tó lè ya ọfà kankan. Tó bá jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan dá dúró ńkọ́? Ẹ rántí bí wọ́n ṣe ń tò ní ìlà níbi ìkọ́lé tí wọ́n ń fi búlọ́ọ̀kù lé ara wọn lọ́wọ́. Ọwọ́ kan ọwọ́, àmọ́ èèyàn méjì kò di ẹyọ kan. Nínú ìlà bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí gbogbo búlọ́ọ̀kù gba ọ̀nà kan ṣoṣo lọ.

Ọgbọ́n tí Cajal dá sí i rọrùn, ó sì jẹ́ ti àgbẹ̀. Tí èèyàn bá fẹ́ mọ ìtàkùn iṣu tó jáde láti inú ebè kọ̀ọ̀kan, ìbẹ̀rẹ̀ òjò ló yẹ kó lọ sóko, kó tó di pé gbogbo rẹ̀ lọ́ mọ́ra. Cajal náà fi ọpọlọ àgbà sílẹ̀, ó lọ wo ọlẹ̀ inú ẹyin adìyẹ àti ọmọ ẹranko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Nínú wọn, àwọn ẹ̀ka kò tíì pọ̀, ọ̀rá tí í máa bo axon kò tíì bò ó, èròjà fàdákà sì ń wọlé dáadáa. Barcelona ló ti kó lọ nígbà náà. Ní 1888, ó rí i nínú ọpọlọ ẹ̀yìn àwọn ẹyẹ pé axon kì í yọ́ mọ́ sẹ́ẹ̀lì mìíràn. Ó máa ń lọ fara ti í, á fọwọ́ gbá a, á sì parí síbẹ̀.

Kò sí ẹni tó fẹ́ ka ìwé ìwádìí láti Sípéènì. Cajal dá ìwé ìròyìn tirẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún náà. Òun ló ń kọ ọ́, òun ló ń ya àwòrán inú rẹ̀, òun ló ń sanwó rẹ̀, ọgọ́ta ẹ̀dà péré ló sì tẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló fi ránṣẹ́ sílẹ̀ òkèèrè. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi wa ṣẹ̀sín pé ẹ̀dà kan ṣoṣo ni ìwé ìròyìn wa ní lára ògiri, ẹ gbọ́ o.) Kò sí èsì. Ní ọdún 1889, ó tu owó jọ, ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ìpàdé àwọn onímọ̀ ẹ̀yà ara ní Berlin, ó gbé máíkírósíkóòpù rẹ̀ dání. Àwọn èèyàn ń wò ó bí àjèjì tó ṣìnà. Ó fi Faransé tí kò já gaara ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá wò. Albert Kölliker, àgbà ọ̀mọ̀wé ẹni ọdún 72 tí gbogbo wọn ń wárí fún, ló tẹrí ba sórí máíkírósíkóòpù náà. Nígbà tó gbé orí sókè, ìjà ti ń yí padà. Bàbá àgbà yìí ti fẹ́ràn èrò àwọ̀n tẹ́lẹ̀, ó fi í sílẹ̀, ó tún lọ kọ́ èdè Sípéènì kó lè máa ka ohun tí Cajal bá kọ. Ní 1891, Wilhelm Waldeyer ní Jámánì fún sẹ́ẹ̀lì tó dá dúró yìí lórúkọ tí à ń pè é títí di òní, neuron.

Ilé rẹ̀ kò rójú ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn o. Barcelona ni ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré, Enriqueta, ti kú, àrùn awọ ọpọlọ ló pa á. Bàbá náà ń ti ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ọmọ lọ sídìí máíkírósíkóòpù, ó ń ti ìdí máíkírósíkóòpù padà. Silveria ló dá gbé èyí tó wúwo jù nínú ọ̀fọ̀ náà.

Ní 1890, ó rí ohun tí a lè sọ pé òun ló lẹ́wà jù nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Nínú ọ̀pá ẹ̀yìn ọlẹ̀ adìyẹ, ó rí i pé orí axon tó ń dàgbà kì í ṣe ṣóńṣó lásán. Ó wú díẹ̀, ó sì ní ìka tín-ín-rín tín-ín-rín tó nà síwájú. Ẹni tó bá ti rí ọwọ́ iṣu rí, bó ṣe ń na orí kiri nínú afẹ́fẹ́ kó tó bá ọ̀pá pàdé, ti mọ ohun tí Cajal rí. Sẹ́ẹ̀lì ni kò mì, torí ó ti kú, àmọ́ Cajal to ọlẹ̀ ọjọ́ kẹta, ọjọ́ kẹrin, ọjọ́ karùn-ún tẹ̀ lé ara wọn, ó sì rí ìrìn nínú wọn. Ó tún ṣàkíyèsí ohun tí Wilhelm His ti sọ ní Leipzig ṣáájú rẹ̀: nínú ọmọdé sẹ́ẹ̀lì, axon ló máa ń kọ́kọ́ jáde. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni dendrite ń tó wá.

Ọfà ńkọ́? Ní 1891 ni. Ó ronú báyìí: ibo nínú ara ni kò ti sí àríyànjiyàn nípa ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bọ̀? Ojú ni. Ohun tí ojú bá rí ló ń lọ sí ọpọlọ. Ọpọlọ kì í rán ìmọ́lẹ̀ jáde. Ó wá to àwọn sẹ́ẹ̀lì inú retina, ìyẹn awọ ẹ̀yìn ẹyinjú tó ń gba ìmọ́lẹ̀, ó wo bí wọ́n ṣe kọjú. Dendrite wọn kọjú sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń di ọ̀rọ̀, axon wọn kọjú sí ọpọlọ. Ó lọ wo imú, bákan náà ló rí. Ó wo ọ̀pá ẹ̀yìn, níbi tí axon ti ń jáde lọ sí iṣan ẹran tí yóò mì, bákan náà. Arthur van Gehuchten ní Bẹ́ljíọ̀mù náà ń ronú lọ sí ibi kan náà nígbà yẹn. Àwọn àgbà wa ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Nínú neuron, òtítọ́ ni ní ti wíwọlé, torí dendrite lè pé ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Ní ti jíjáde, axon kan ṣoṣo ni. Òkú sẹ́ẹ̀lì di ohun tí èèyàn lè kà bí ìwé: rí ìrísí rẹ̀, o ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń gbà.

Òfin yìí ní àwọn tí kò tẹ̀ lé e. Nínú retina yẹn kan náà, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí kò ní axon rárá, Cajal fúnra rẹ̀ ló sì sọ wọ́n ní amacrine. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, wọ́n tún rí dendrite tó ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ jáde. Ẹ má kọ ìyẹn sínú test ṣá, ọfà kan ni wọ́n ń bi yín.

Kí ọwọ́ wa má bàa jìnnà sí ohun tó fẹ́ràn: àwọn àwòrán yẹn, òun ló fọwọ́ yà wọ́n. Yóò wo máíkírósíkóòpù fún wákàtí pípẹ́, yóò kúrò níbẹ̀, yóò ya èyí tó pọ̀ jù láti inú orí, nígbà mìíràn yóò kó ohun tó rí nínú sẹ́ẹ̀lì mélòó kan pọ̀ sójú àwòrán kan. Tíṣà Biology wa ì bá gbé òdo fún un. Síbẹ̀ wọ́n ṣì ń tẹ àwọn àwòrán náà sínú ìwé ẹ̀kọ́ títí di òní.

Ọlá wá dé. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Madrid ní 1892. Royal Society ní London pè é kó wá sọ̀rọ̀ ní 1894. Ní 1906, wọ́n fún un ní Ẹ̀bùn Nobel. Ẹni tí wọ́n jọ pín in? Golgi. Àwọn méjèèjì kò tíì pàdé rí kó tó di Stockholm. Golgi dìde lórí pèpéle, ó fi gbogbo ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ rẹ̀ bu ẹnu àtẹ́ lu èrò pé neuron dá dúró. Cajal jókòó, ó gbọ́ ọ tán. Nígbà tó kan tirẹ̀, ó sọ ohun tó rí. Lójú tèmi, ẹ̀bùn náà tọ́ sí Golgi. Bí kò bá sí ilé ìdáná Abbiategrasso, Cajal ì bá wo ọpọlọ títí, kò ní rí nǹkan kan. Ẹni tó rọ ọkọ́ kọ́ ló máa ń mọ oko ro jù.

Ó ṣiṣẹ́ títí. Ọmọkùnrin rẹ̀ tó ń jẹ́ Santiago bíi tirẹ̀ kú ṣáájú rẹ̀. Ó fẹ̀yìn tì ní 1922. Silveria kú ní 1930. Òun náà kú ní Madrid ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹwàá, 1934, ẹni ọdún 82.

Ìbéèrè kan wà tí ó fi sílẹ̀, ìyẹn ló sì jẹ́ kí n fẹ́ kọ ìtàn yìí. Tí axon bá máa ń kọ́kọ́ jáde, báwo ni ọmọdé sẹ́ẹ̀lì tó rí róbótó ṣe ń mọ èyí tí yóò jẹ́ axon àti ẹ̀gbẹ́ tí yóò gbà jáde? Tó bá ṣì í yan, ọfà máa kọjú síbòmíràn. Cajal rò pé àwọn èròjà kan ń fa ṣóńṣó axon mọ́ra bí òórùn ọbẹ̀ ṣe ń fa èèyàn. Ó tọ̀nà dé àyè kan, torí wọ́n ti rí irú èròjà bẹ́ẹ̀. Apá tó kù wà nínú fífọwọ́kàn.

Ní 1907, Ross Harrison ní Amẹ́ríkà gbé ègé ara ọlẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́ sínú ẹ̀kán omi ara, ó sì fi ojú rẹ̀ rí axon tó ń dàgbà láàyè, pẹ̀lú ṣóńṣó oníka tí Cajal ti yà. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìyẹn, Gary Banker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọ́ sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ọlẹ̀ eku sínú abọ́ pẹlẹbẹ. Ohun tí wọ́n kọ ní 1988 rí báyìí: sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan á kọ́kọ́ yọ ọwọ́ kúkúrú mélòó kan, gbogbo wọn á dọ́gba, wọ́n á máa jáde, wọ́n á máa wọlé bí ìka ọmọ ọwọ́. Nígbà tó bá ṣe, ọ̀kan á kàn sáré lọ. Òun ni axon. Àwọn tó kù á dúró, wọ́n á di dendrite. Tí wọ́n bá sì gé èyí tó sáré kúrú, òmíràn nínú wọn lè gba ipò rẹ̀. Ìyẹn ni pé kò sí èyí tí wọ́n bí ní axon. Ìdíje ni.

Kí ló ń mú kí ọ̀kan borí? Àwọn púrótéènì alẹ̀mọ́ra wà lára rẹ̀. Àwọn kan wà lára awọ sẹ́ẹ̀lì, bíi L1, tí sẹ́ẹ̀lì fi ń di sẹ́ẹ̀lì mú. Àwọn mìíràn, bíi laminin, sẹ́ẹ̀lì ń tú wọn jáde sí àárín ara wọn bí ẹní tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀, ọwọ́ tí sẹ́ẹ̀lì fi ń gbá ẹní yẹn mú sì ń jẹ́ integrin. Ní 1999, Banker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi laminin tàbí L1 la ìlà sínú abọ́, wọ́n fi èròjà lásán sí àárín àwọn ìlà náà, wọ́n wá da ọmọdé sẹ́ẹ̀lì lé e. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọwọ́ tó bá kọ́kọ́ kan laminin tàbí L1 ló ń di axon. Ẹ padà sí oko iṣu wa: ọwọ́ tó bá ọ̀pá pàdé ló ń gòkè. Ìdìmú náà máa ń rán iṣẹ́ wọ inú sẹ́ẹ̀lì, àwọn ọ̀pá tín-ín-rín tó gbé ẹ̀ka náà ró á dúró gbọn-in, ohun èlò ìdàgbà á sì máa wọ́ lọ síbẹ̀.

L1 kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú abọ́ lásán o. Nígbà tí àbùkù bá wà nínú àkọsílẹ̀ àjogúnbá tí ara fi ń ṣe é, ọmọkùnrin ló sábà máa ń kàn, torí orí kúrómósómù X ló wà. Wọ́n lè bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú omi nínú orí, kí àtàǹpàkò rẹ̀ ká wọ inú àtẹ́lẹwọ́, kí àwọn ọ̀nà axon kan nínú ọpọlọ rẹ̀ má sì gún régé.

Abọ́ kì í ṣe ara, ẹnikẹ́ni lè sọ bẹ́ẹ̀. Ní 2011, àwọn olùwádìí ní Cambridge wo ọmọ ẹja abilà kékeré kan tí ara rẹ̀ mọ́ gaara, tí ojú lè rí sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ bó ṣe ń dàgbà láàyè. Retina rẹ̀ ni wọ́n wò, ibi tí Cajal ti ka ọfà rẹ̀. Nínú retina náà, laminin wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀gbẹ́ tí axon ń gbà jáde lọ sí ọpọlọ. Ara ọmọdé sẹ́ẹ̀lì náà kan laminin yẹn. Ojú ibi tó ti kàn án ni axon ti yọ. Níbi tí wọ́n ti mú laminin kúrò, sẹ́ẹ̀lì náà ń táràrà, axon ń pẹ́ kó tó jáde. Nígbà tí wọ́n wá fi laminin sí ibòmíràn, ibẹ̀ ni axon gbà yọ.